Crown Point ní Oregon: ẹ wò ó lókèèrè kí ẹ tó wọ inú rẹ̀

Gbogbo ìgbà tí àlejò bá ti ilé dé bá wa ní Portland, ìlú tí à ń gbé ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ni ìbéèrè kan náà máa ń jẹ yọ: ibo la máa mú wọn lọ tí kò ní jẹ́ ilé ìtajà? Nígbà tí màámi wá lọ́dún tó kọjá, Crown Point la gbé wọn lọ, àpáta gíga kan létí odò Columbia, níbi tí odò náà ti la àárín àwọn òkè Cascade kọjá. Láti ìgboro Portland síbẹ̀ kò tó wákàtí kan. A ò san kọ́bọ̀ láti wọlé. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sì sọ ibi tí ọ̀kan yòókù bá lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ilé olórí róbótó tí ẹ máa ń rí nínú gbogbo fọ́tò ibẹ̀ yẹn, Vista House, ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kò lè rí i. Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Wọ́n á wakọ̀ lọ tààrà síwájú ilé náà, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò ògiri, wọ́n á ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń pariwo náà nìyí?" Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti Portland bọ̀, tí ẹ sì ti kọjá ìletò Corbett lójú ọ̀nà àtijọ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ odò náà, ẹ wo apá òsì, ẹ máa rí ibi ìwòran kan tí wọ́n ń pè ní Portland Women's Forum. Chanticleer Point ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Ẹ kọ́kọ́ yà síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń hàn kedere. Àpáta dúdú kan yọ síta lókè odò, ó fi ẹsẹ̀ bàtà 733 ga ju omi lọ, ilé kékeré kan sì jókòó sí ṣóńṣó orí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, odò lọ títí ojú ò tó o mọ́, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, ìpínlẹ̀ Washington lódìkejì. Lọ́jọ́ tí a lọ, ọkọ̀ ojú omi kan ń ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀, irú èyí tó máa ń kó àlìkámà láti òkè odò wá sí èbúté. Màámi tẹjú mọ́ ọn.

"Àkànní, ṣé ọkọ̀ yẹn ti kú ni?"

"Rárá o, Màámi. Ó ń lọ."

"Kò lọ."

Mo ní kí wọ́n fojú sun igi kan tó wà létí omi, kí wọ́n má gbójú kúrò níbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí imú ọkọ̀ náà tó yọ lẹ́yìn igi ọ̀hún. Wọ́n mirí, wọ́n ní, "Háà, ibí yìí jìn o." Fọ́tò ò lè sọ bó ṣe jìn tó fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá ní àkókò ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lójú ọ̀nà yẹn, Chanticleer ni kí ẹ ná an sí, kì í ṣe Vista House.

Ọkọ̀ ni mò ń wà jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọ̀nà náà díẹ̀. Samuel Lancaster ni ẹnjiníà tó là á. Samuel Hill, olówó kan tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ká lára ju ohunkóhun lọ, ti mú un lọ sí Yúróòpù lọ́dún 1908 láti wo bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà gba ara òkè. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1913, ohun tí Lancaster fi lélẹ̀ ni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà náà kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Ẹnu dùn ún sọ. Láti Crown Point dé ìsàlẹ̀ ní Latourell, ilẹ̀ já wálẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 600. Kí ọ̀nà má bàa dagun, ńṣe ló ní kó máa yí po, kó padà sẹ́yìn, kó tún yí. Ẹ wà á sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ kíyè sí ẹsẹ̀ yín: ẹ ò ní tẹ búréèkì tó bí ẹ ṣe rò. Mọ́tò ayé ọjọ́un tí kò lágbára ló ń gùn ún, òun la ṣì ń gùn títí dòní. Àwọn ọ̀nà kan wà tí wọ́n là lánàá tí kò ṣe é wà báyìí.

Ní ti ilé náà fúnra rẹ̀, Edgar Lazarus ló ya àwòrán rẹ̀, igun mẹ́jọ ló ní. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́dún 1916, wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1918. Ó wà fún ìrántí, ó sì wà kí arìnrìn-àjò lè ríbi sinmi, kí ó sì ríbi tọ̀. Owó rẹ̀ tó nǹkan bí dọ́là 100,000, owó gidi láyé ìgbà yẹn, làwọn èèyàn bá figbe ta: wọ́n ní irú ṣálángá wo ló ń jẹ dọ́là 100,000? Ìsàlẹ̀ ilé ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Mábù láti Alaska ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn. Màámi, ọmọ Ìdànrè tó ń gun òkè wọn lọ́hùn-ún nígbà ọmọdé, kọ̀ láti wọ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n tún rọra gòkè padà.

"Wọn ò jẹ̀bi," ni wọ́n wí. "Ibi tó dáa ni. Ẹni tó ń bú wọn ò tíì tọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n tún ilé náà ṣe láàrin ọdún 2000 sí 2005. Wọ́n ká bàbà tí wọ́n fi bo orí rẹ̀ kúrò, wọ́n dá táìlì aláwọ̀ ewé ti àtètèkọ́ṣe padà síbẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ níjọ́ tí a lọ ṣèèyàn, wọ́n sì mọ ìtàn ibẹ̀ bí ẹní mowó.

Ìrántí ta ni ilé yìí, ẹ ní? Ìrántí àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ wá tẹ̀dó sí Oregon ni. Ibi tí mo ti fọwọ́ lérán nìyẹn. Ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n kọ lọ́dún 1857, ní gbólóhùn kan nínú tó sọ pé kí èèyàn dúdú má wá gbé ibẹ̀. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti gba agbára lọ́wọ́ gbólóhùn náà tipẹ́ kó tó di 1918, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí Vista House. Ọdún 1926 ni wọ́n tó pa á rẹ́. Kí wọ́n tó kọ òfin yẹn pàápàá, èèyàn dúdú ti gba ìsàlẹ̀ àpáta yẹn kọjá. York lorúkọ rẹ̀, ẹrú William Clark. Ó wà lára ìrìn àjò Lewis àti Clark, àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà rán lọ wo ilẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn, nígbà tí wọ́n tukọ̀ gba odò yìí lọ sí òkun lọ́dún 1805. Àwọn ẹ̀yà Chinook tó ni ilẹ̀ náà sì ti wà níbẹ̀ kí gbogbo wọn tó dé. Mo ṣàlàyé èyí fún màámi lórí pèpéle. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe.

"A ṣáà ti dé," ni ìdáhùn wọn.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ gbọ́ ti afẹ́fẹ́. Kì í ṣe atẹ́gùn lásán. Àfonífojì yìí nìkan ni ihò tó la àwọn òkè Cascade já ní ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bákan náà pẹ̀lú òkun, nítorí náà òun ni afẹ́fẹ́ ń bá wọlé bá jáde: nígbà òtútù, èyí tó tutù máa ń ti ìlà-oòrùn ya wá, nígbà ooru, ti ìwọ̀-oòrùn ló máa ń fẹ́. Omi ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn fún un. Ní nǹkan bí ọdún 15,000 sẹ́yìn, yìnyín dí adágún ńlá kan pa lápá ibi tí à ń pè ní Montana lónìí. Gbogbo ìgbà tí yìnyín náà bá já, àgbàrá á gba ibí yìí lọ, á máa bó ara òkè bí ẹní bó ẹ̀pà. Orí àpáta tó sì yọ sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ yẹn ni wọ́n kọ́lé sí. Ìyàwó mi wé gèlè lọ nítorí fọ́tò. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ. Nígbà míì ìjì máa ń le débi pé wọ́n á ti ilé náà pa pátápátá, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìràwọ̀ tí mo yọ, nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Kò tó rárá. Ojú ọ̀nà gan-an ló yí ilé náà ká, àwọn èèyàn á sì máa fẹ̀yìn rìn wọ àárín títì nítorí kí orí ilé lè wọ inú fọ́tò. Mo rí bàbá kan tí mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá. Bí mo ṣe jẹ́ awakọ̀, àyà mi ò balẹ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀. Ẹ di ọmọ yín mú.

Multnomah Falls wà níwájú, omi tó ń já láti orí àpáta tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 620. Ó dára, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ìyẹn náà ni wàhálà rẹ̀: nígbà ooru, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ ní láti gba àyè ọkọ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà márosẹ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ máa rí igi gbígbẹ dúdúdúdú lókè ibẹ̀. Iná oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ló jó wọn. Ọmọ ọdún 15 kan ló ju bángà sínú igbó, éékà tó lé ní 48,000 ló bá a lọ.

Ẹ gbé oúnjẹ dání. Ilé oúnjẹ kan tí a yà sí lójú ọ̀nà gbé ọbẹ̀ tútù fún wa lówó gọbọi, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ wá. A dúpẹ́ pé mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà. Inú mọ́tò ni kí ẹ ti jẹ ẹ́ o. A kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí ògiri òkúta, afẹ́fẹ́ sì gba ewé mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ màámi. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì tètè débẹ̀ láàárọ̀ kí bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò tó já èèyàn sílẹ̀.