Iṣẹ́ Onímọ̀ Sáíkọ́lọ́jì ní Ilé-Ìwé Ọmọ Mi: Bí Mo Ṣe Rí I

Nígbà tí ìwé dé láti ilé-ìwé ọmọ mi pé onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ibẹ̀ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, mo ká ìwé náà sínú Bíbélì mi, n kò sì fi han ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò yàtọ̀ sí èyí tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn, pé àwọn tí orí wọn ti dàrú nìkan ni wọ́n ń mú lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọkùnrin mi nígbà náà, ó wà ní kíláàsì kẹsàn-án ní ilé-ìwé girama ti ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí obìnrin tó jẹ́ onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì náà ti ń bá wa ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé ó dára ju bí mo ti rò lọ, àti nítorí pé àwọn ibi tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tó yẹ kí òbí ti mọ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹnu ọmọ tí mo ń wí yìí dá ṣáṣá. Bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ nípa ìtàn tàbí sáyẹ́ǹsì, yóò ṣàlàyé rẹ̀ bí olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìwé ka iwájú rẹ̀, ojú ewé kan ṣoṣo lè gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò sì ní orí ń fọ́ òun. Ọ̀lẹ ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Èmi náà ti gba tẹlifóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì ti sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sí i tí ojú ń tì mí láti rántí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ilé-ìwé kì í ṣe dókítà, kò sì lè kọ oògùn fún ọmọ. Kì í tún ṣe olùdámọ̀ràn tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ àti yunifásítì tí wọn yóò lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wádìí ìdí tí ẹ̀kọ́ fi ṣòro fún ọmọ kan, tàbí ìdí tí ìwà rẹ̀ fi yí padà, kí ó sì bá àwọn olùkọ́ wá ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ rẹ̀ tún máa ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta, wákàtí 1,200 tó jẹ́ ti ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Kò sí òbí tó ń san kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò tí ilé-ìwé bá ṣe, nítorí òfin tí Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí IDEA ní ọdún 1990, sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà ni kí ilé-ìwé ìjọba kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà tó bá a mu. Ilé-ìwé kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i.

A fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni obìnrin náà pe èmi àti ọkọ mi sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìkówèésí, ó sì fi wákàtí kan àti ààbọ̀ bi wá ní ìbéèrè. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún wa pé bí òun bá gbọ́ pé ọmọ fẹ́ pa ara rẹ̀ lára, tàbí pé ó fẹ́ ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá, tàbí pé ẹnì kan ń ṣe é níkà, òun kò ní lè fi pamọ́, òfin ló fi dandan lé e. Mo fẹ́ràn pé ó sọ ọ́ lójú wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó béèrè èdè tí a ń sọ nílé. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Irọ́ ni mo pa, irọ́ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń pa nínú fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni, nítorí ẹ̀rù pé wọn yóò kó ọmọ wa sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin náà rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí òun kò bá mọ èdè tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ ayé, òun lè pe ohun tí kì í ṣe àìsàn ní àìsàn, òun sì lè fojú fo èyí tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Òótọ́ ló sọ. Ní California, ẹjọ́ kan tí wọ́n parí ní ọdún 1970, tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Diana, dá lórí àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Sípáníìṣì nílé, tí wọ́n fi ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì díwọ̀n ọgbọ́n wọn, tí wọ́n sì torí rẹ̀ kó wọn sí kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Mo bá sọ òtítọ́: Yorùbá la ń sọ, Ìbàdàn sì ni ọmọ náà ti ka ìwé dé kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ó wá béèrè bóyá kíkà Yorùbá rọ̀ ọ́ lọ́rùn nígbà náà. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn máa ń sọ, pé ọmọ yìí kì í fi ojú kàwé, orí ló fi ń kà á. Yóò gbọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, yóò há a sórí, yóò sì dìde kà á bí ẹni pé ó ń wo ìwé. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí tí ìwé kíkà ṣòro fún. Mo ti fẹ́ sọ pé kò sí, ni mo bá gbọ́ ohùn ọkọ mi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun kò tíì ka ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àbúrò òun obìnrin ló ń ka nóòtì sí òun létí nígbà tí òun ń múra ìdánwò WAEC. Ọdún 19 ni mo ti fi wà nílé rẹ̀, n kò mọ̀.

Àárọ̀ mẹ́ta ni ó fi yẹ ọmọ náà wò. Òbí kì í wọlé síbẹ̀, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí ọmọ sọ fún mi nínú ọkọ̀: pé ó to àwọn ike kéékèèké onígun mẹ́rin, pupa àti funfun, kí wọ́n lè bá àwòrán mu, pé ó tún òǹkà sọ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, pé ó ka àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ rárá, èyí ló sì ṣòro jù fún un nítorí kò rí ohun tí yóò há sórí. Ó ní nígbà tó rẹ òun, obìnrin náà ní kí àwọn dúró ná, ó sì fún òun ní omi.

Nígbà tí àbájáde dé, a rí i pé 118 ni ọmọ mi gbà níbi òye ọ̀rọ̀, ó sì gba 76 níbi ìyára ìwé kíkà. Àárín òṣùwọ̀n náà ni 100, ọmọ tó bá sì gba láàárín 90 sí 109 ni wọ́n ń kà sí ẹni tó bá àwọn ojúgbà rẹ̀ dọ́gba. Ohun tí wọ́n ń pè ní dyslexia ni, ìṣòro láti so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró ọ̀rọ̀, tó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ní báyìí, ó ń ní ìdajì àkókò lé sí i nínú ìdánwò, kọ̀ǹpútà ń ka ìwé sí i létí, olùkọ́ ìwé kíkà sì ń rí i lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìwé àbájáde náà tí n kò gbà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà kì í wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún obìnrin náà pé nílé wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbàlagbà tó ń bá a wí ni a ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Kò bá mi jiyàn. Nínú ìwé tó tún kọ, ó ní ìbọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe àmì àìsàn. Mo fún un ní máàkì ńlá fún èyí, ṣùgbọ́n ká ní n kò ka ìwé náà ṣáájú ìpàdé tí a ti jíròrò rẹ̀ ńkọ́? Òfin Maryland ní kí ilé-ìwé fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí òbí ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú. Èmi ni mo béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Àléébù tó tóbi jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ náà kò pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ yìí, NASP, dámọ̀ràn ẹnì kan fún akẹ́kọ̀ọ́ 500. Káàkiri Amẹ́ríkà lápapọ̀, ẹnì kan ń bójú tó èyí tó lé ní 1,000. Obìnrin tiwa ń pín ara rẹ̀ sí ilé-ìwé méjì. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú nìkan ló máa ń wà lọ́dọ̀ wa, àyẹ̀wò àti ìwé kíkọ ló sì ń jẹ ọ̀pọ̀ ọjọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn ọmọ kan fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì títí ó fi sunkún jáde. Obìnrin náà ni ó fẹ́ rí, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló sì dúró kí ó tó rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 60 tí wọ́n ní láti parí àyẹ̀wò lẹ́yìn tí òbí bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ 11 ni wọ́n fi kọjá rẹ̀. Ó bẹ̀ wá, mo sì gbà, nítorí mo rí iye fáìlì tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀bi àwọn tó ń pín owó ẹ̀kọ́ ni, síbẹ̀ ọmọ ló ń jìyà rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ àbájáde náà le ju bó ti yẹ lọ. Ojú ewé 19 ni, èmi tí mo sì ń ṣe nọ́ọ̀sì kò lóye ìdajì rẹ̀ títí ó fi jókòó tú u fún wa. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè ògbufọ̀ fún ìpàdé, ilé-ìwé ni yóò sanwó rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì fara mọ́ àbájáde, ẹ lè béèrè pé kí onímọ̀ mìíràn láti ìta tún ọmọ yẹ̀ wò lówó ìjọba. Bí ilé-ìwé bá kọ̀, àwọn ni yóò lọ fi hàn níwájú adájọ́ pé iṣẹ́ àwọn péye. Ẹ má fi ẹnu béèrè àyẹ̀wò. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́, nítorí ní Maryland, láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà bá dé ọwọ́ wọn ni ọjọ́ 90 tí wọ́n ní láti parí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò náà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Bàbá rẹ̀ kò pè é ní ọ̀lẹ mọ́. Ní alẹ́, àwọn méjèèjì máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà náà kí ó ka ìwé sí wọn létí. Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin sì ti wà ní kíláàsì kejì, lẹ́tà b àti d ṣì ń dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti kọ lẹ́tà tèmi sí ilé-ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá.