Módẹ́lì CMIP6 àti òjò Ẹ̀pẹ́: ẹ má fi mú ọjọ́ ìgbìn

CMIP6 ni àkójọ módẹ́lì kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fi ń ṣe àfarawé ojú ọjọ́. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí òjò ọdún ṣe pọ̀ tó lè fún dátà yìí ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ní ti ìgbà tí òjò máa rọ̀ àti ìgbà tó máa dá láàárín àkọ́rọ̀ sí àrọ̀kúrò, 2 ni mo fún un, tipátipá.

Ọ̀fẹ́ ni, lórí Copernicus Climate Data Store, ìkànnì dátà ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ mú òjò ojoojúmọ́ ti "historical" (àfarawé ìgbà tó ti kọjá), tó parí sí 2014. Nọ́ńbà inú rẹ̀ kéré débi pé ẹ máa rò pé fáìlì ti bàjẹ́: kg m⁻² s⁻¹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 86,400, á di mìlímítà lọ́jọ́ kan. UKESM1, ọ̀kan lára àwọn módẹ́lì náà, ní tiẹ̀ ń ka ọjọ́ 30 fún gbogbo oṣù, títí kan oṣù kejì.

Módẹ́lì máa ń pín ayé sí àpótí-àpótí. Àpótí kan nínú ọ̀pọ̀ módẹ́lì wọ̀nyí fẹ̀ tó 100 kìlómítà: ó lè kó òkun, ọ̀sà àti Ìjẹ̀bú-Òde pọ̀ mọ́ Ẹ̀pẹ́. Fáìlì sftlf ló ń sọ ìdá ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Tí omi bá ju ilẹ̀ lọ, ẹ bọ́ sí àpótí tó kàn lápá àríwá.

Àléébù ńlá rèé. Ẹ ka ọjọ́ tí òjò tó mìlímítà 1 sókè nínú módẹ́lì, kẹ́ ẹ kà á nínú CHIRPS náà, ìyẹn dátà òjò tí wọ́n fi sátẹ́láìtì àti òṣùwọ̀n òjò orí ilẹ̀ ṣe. Ti módẹ́lì sábà máa ń pọ̀ jù, wẹliwẹli sì ni. Ọ̀wààrà rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìkùukùu òjò kéré sí àpótí yẹn, torí náà ìṣirò ni módẹ́lì fi ń díwọ̀n rẹ̀, ìṣirò ọ̀hún sì máa ń tú òjò sílẹ̀ kété tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná. Ọ̀sán gangan ni òjò rẹ̀ ń pọ̀, nígbà tí òjò ìjì tòótọ́ sábà máa ń gbárajọ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dá ọjọ́ 7 sí 10 tó ń pa àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, wẹliwẹli yẹn ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ìbáà tún àpapọ̀ oṣù ṣe kó bá ti gidi mu, kò ní tìtorí ẹ̀ yọjú.

Oṣù kẹjọ ńkọ́? Omi tútù tó ń ru sókè ní etíkun Gulf of Guinea wà lára ohun tó ń dá òjò dúró fún wa. Òkun inú ọ̀pọ̀ módẹ́lì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ìdádúró náà a sì má hàn dáadáa. Ẹ má sì pa módẹ́lì púpọ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó ka ọjọ́ gbígbẹ: ọjọ́ tí èyí gbẹ, òmíràn rọ̀, àròpọ̀ yín á wá máa rọ̀ lójoojúmọ́.

CP4-Africa, módẹ́lì Áfíríkà ti Met Office (àjọ ojú ọjọ́) ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alápòótí 4.5 kìlómítà, dáa jù lórí ìjì àti wákàtí òjò, àmọ́ ọdún 10 péré ni sáà kọ̀ọ̀kan. Fún àgbàdo àrọ̀kúrò ọdún yìí, àsọtẹ́lẹ̀ ọlọ́dọọdún NiMet (àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà) ni kẹ́ ẹ ṣí. Ó máa ń sọ ìgbà tí ìdádúró oṣù kẹjọ máa bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe máa gùn tó.