Mo ra rọ́nà dúrọ́ọ̀ ní Àkúrẹ́: irin náà dára, ẹni tí wọ́n rán wá fi í sí i ni kò dára

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀lù irin wínníwínní ni mò ń ṣà nílẹ̀ ilé ìdáná mi, lábẹ́ fíríìjì, lẹ́yìn sílíńdà gáàsì, nínú ìlà táìsì. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rán sí mi dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má da ara yín láàmú. Èyí tó kù nínú ẹ̀ á gbé e." Inú bí mi débi pé n kò lè dá a lóhùn. Ohun tó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò láti pààrọ̀ rọ́nà, ìyẹn irin ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ tó ń jẹ́ kó yọ̀ wọlé yọ̀ jáde, nílé rẹ̀ kà á tán.

Kéèkì àti ṣinṣín ni mò ń ṣe tà láti ilé, ní ọ̀nà Ìjòkà. Dúrọ́ọ̀ mẹ́ta tó wà lábẹ́ tábìlì tí mo ti ń po fulawa ni gbogbo páànù mi wà, wọn kò sì fúyẹ́ rárá. Rọ́nà funfun oníkẹ̀kẹ́ ike ni ẹni tó kan kábínẹ́ẹ̀tì fi sí wọn níjelòó. Kẹ̀kẹ́ ọ̀kan fọ́, ti èkejì yọ, láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé tí o bá fa dúrọ́ọ̀, á dorí kodò sí ọ lẹ́sẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ kò jìnnà sí Ọjà Ọba. N kò ní dárúkọ wọn. Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí káúńtà, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ṣe sí mi dáadáa, nítorí bí ẹ bá gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e, ẹ lè rò pé gbogbo wọn ni kò mọṣẹ́. Kò bi mí ní iye tí mo fẹ́ ná. Ó kọ́kọ́ béèrè bí inú kábínẹ́ẹ̀tì ṣe jìn tó, ó wá béèrè àyè tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ àti ara kábínẹ́ẹ̀tì. Mo ti fi téèpù wọ̀n ọ́n kí n tó kúrò nílé: ó jìn ní ínǹṣì 20, àyè ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì ínǹṣì. Ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní ìdajì ínǹṣì náà, ìyẹn mìlímítà 12.7, ni rọ́nà oníbọ́ọ̀lù (èyí tí bọ́ọ̀lù irin wínníwínní ń yí nínú rẹ̀) ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sídìí láti kan dúrọ́ọ̀ mìíràn. Ó gbé oní-ínǹṣì 18 wá, ó ní rọ́nà gbọ́dọ̀ kúrú díẹ̀ ju inú kábínẹ́ẹ̀tì lọ, kí orí rẹ̀ má baà máa kọlu ẹ̀yìn.

Ó gbé oríṣi méjì lé mi lọ́wọ́, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kò tíì sọ iye tí wọ́n jẹ́. Èyí tó fúyẹ́, ó fà á jáde tán, ó mì í sọ́tùn-ún sósì, ó ń mì jẹgẹjẹgẹ. Èyí tó wúwo kò mì bẹ́ẹ̀. Èyí tó wúwo ni mo mú, èyí tó máa ń rọra pa ara rẹ̀ dé fúnra rẹ̀ tó bá kù díẹ̀. Mo san owó rọ́nà mẹ́ta, mo san owó iṣẹ́ sí i, torí wọ́n ní àwọn ní káfíńtà tàwọn tí yóò wá fi í sí i. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú rìsíìtì: rọ́nà, àti iṣẹ́. Ẹ rántí rìsíìtì yẹn.

Káfíńtà dé pẹ̀lú hámà kan àti sukúrúù nínú ọ̀rá. Kò mú téèpù, kò mú pẹ́ńsù, kò mú léfùlù. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, téèpù ńkọ́?" Ó ní, "Ojú mi ni téèpù mi, Mọ̀mí." Ó gbé rọ́nà lé ara kábínẹ́ẹ̀tì, ó di ojú kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi hámà gbá sukúrúù wọlé. Gbà! Gbà! Gbà! Sukúrúù o, kì í ṣe ìṣó! HDF, pákó tí wọ́n fi èérún igi lẹ̀ pọ̀, ni kábínẹ́ẹ̀tì mi (ní Ìpínlẹ̀ Ondó tí ọkọ̀ agbégẹdú ń kọjá lójú wa lójoojúmọ́, pákó alẹ̀mọ́ ni gbogbo wa ń fi kan ilé ìdáná, ó ń dùn mí). Tí o bá gbá sukúrúù wọ irú pákó yẹn, ṣe ni inú ihò á lọ̀ di èérún, kò ní rí nǹkan dì mú mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó fi káfíńtà jẹun mọ èyí.

Rọ́nà òsì ga ju tọ̀tún lọ. Èmi tí kì í ṣe káfíńtà rí i láti ibi tí mo dúró sí. Ó ní kò ní yọ. Ó gbé dúrọ́ọ̀, ó tì í, kò wọlé. Ó tún tì í, ó wá fi ìkúùkù gbá a láti iwájú, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ta-ta-ta-ta lórí táìsì. Inú rọ́nà oníbọ́ọ̀lù, irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń to àwọn bọ́ọ̀lù sójú kan. Ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fa irin pẹlẹbẹ yẹn wá sí iwájú pátápátá, kó tó ki irin ara dúrọ́ọ̀ bọ̀ ọ́ láàárín gbọnrangandan. Tí ó bá wà lẹ́yìn, tí o wá fipá tì í, irin á tẹ̀ ẹ́ wó, bọ́ọ̀lù á dà nù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Rọ́nà tuntun, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá!

Dúrọ́ọ̀ kejì wọlé, ṣùgbọ́n sukúrúù tó lò gùn ju ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ lọ. Ṣóńṣó mẹ́ta yọ sínú. Ọmọ iṣẹ́ mi tó fẹ́ mú páànù ló kọ́kọ́ mọ̀, ó ha á lẹ́yìn ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ náà sì là láti ìsàlẹ̀. Ibi tí mo ti ń wá ohun tí n ó fi nu ọwọ́ ọmọ ni bọ̀ọ̀dá ti yọ gírísì, ó ń kùn ún sí rọ́nà, kó lè máa yọ̀. Nínú ilé tí fulawa ti ń fò! Gírísì á gbá fulawa mọ́ra, á le, dúrọ́ọ̀ á wá há. Mo ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Mo pe ọ̀gá wọn. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ìyá oníkéèkì, rọ́nà la ń tà, a kì í ta káfíńtà." Mo ní kó dákẹ́ gbọ́ mi, mo ka rìsíìtì rẹ̀ sí i létí, láti òkè dé ilẹ̀, títí kan ìfọwọ́sí rẹ̀. Ó ní òun á pè mí padà. Kò pè. Lọ́jọ́ Ajé, mo fi ọ̀rá kó rọ́nà tó wó, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ àti sukúrúù tí hámà ti pa lórí, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ọmọbìnrin yẹn ni mo bá. Ó da ọ̀rá sórí káúńtà, ó mú sukúrúù kan, ó yí orí rẹ̀ wò. Ihò onígun tí ó yẹ kí súkúdíráfà wọ̀ ti tẹ̀ pa. Ọ̀gá wọlé, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé àwọn oníbàárà kì í mọ nǹkan lò. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i tán, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Rọ́nà yìí ò ní àléébù. Hámà ni wọ́n fi kàn án." Ó sọ ọ́ lójú mi, lójú àwọn oníbàárà méjì mìíràn. Ọ̀gá wò ó, ó wò mí, ó ní kí wọ́n fún mi ní òmíràn. Ẹnu yà mí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ènìyàn ni kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní gbàgbé rẹ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá sílé mi. Ondó ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣe káfíńtà, ẹ̀yìn bàbá yìí ló ń tẹ̀ lé kó tó wá sí Àkúrẹ́. Ó tú gbogbo ohun tí wọ́n kàn. Ihò tó ti fẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù pákó kun igi ìṣáná, ó kì wọ́n bọ̀ ọ́ títí wọ́n fi há, ó gé wọn dọ́gba pẹ̀lú ara pákó, ó ní kí n jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Nígbà tó padà wá, ó mú ègé pákó kan, ó fi gbé rọ́nà òsì dúró, ó gbé ègé kan náà lọ sápá ọ̀tún. Bí rọ́nà méjèèjì ṣe dọ́gba nìyẹn, kò sí àfojúdá. Ihò gbọọrọ ara rọ́nà ló kọ́kọ́ lò, torí ìyẹn ń jẹ́ kéèyàn lè sún un sókè-sódò. Ìgbà tí dúrọ́ọ̀ ti ń wọlé dáadáa ló tó fi sukúrúù sí àwọn ihò róbótó tó dì í pa. Sukúrúù kúkúrú ló lò. Ó sì fi ike dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn mí: tí mo bá fẹ́ yọ dúrọ́ọ̀ láti fọ̀ ọ́, kí n tẹ ọ̀kan sókè, kí n tẹ èkejì sísàlẹ̀, kí n fà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní kí n kó páànù mi síbẹ̀, gbogbo rẹ̀. Mo kó o. Mo ti dúrọ́ọ̀, ó ń lọ, ó ku díẹ̀ kó dé ibi tó ń lọ, ó dẹ̀rọ̀, ó rọra wọlé fúnra rẹ̀, kò dún. Mo tún fà á. Mo tún tì í. Ọmọ iṣẹ́ mi náà wá tì í. Inú mi dùn gan-an.

Síbẹ̀, owó iṣẹ́ tí mo san fún alá-hámà, ọ̀gá kò dá a padà títí di òní. Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ tó là, owó mi ni mo fi ra plywood tí a fi tún un ṣe. Ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọbìnrin yẹn, tó tún kọ̀ láti gbà ju owó ọkọ̀ lọ lọ́wọ́ mi. Kéèkì ni mo fi ránṣẹ́ sí i.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti ní kí wọ́n bá mi gbé rọ́nà mẹ́rin mìíràn sílẹ̀ fún wọ́dúróòbù yàrá, oníbọ́ọ̀lù kan náà, oní-ínǹṣì 16. N kò san owó iṣẹ́ lórí ìyẹn. Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọbìnrin ìdí káúńtà ni kí ẹ béèrè.