Fàdákà gidi, Sheffield plate àbí EPNS: èwo lẹ fẹ́ fowó yín rà gan-an?

Tíípọ́ọ̀tù àtijọ́ àkọ́kọ́ tí mo rà níbi gbàǹjo, "fàdákà àtijọ́" ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ń dán yanranyanran, ó wúwo lọ́wọ́, òǹtẹ̀ kéékèèké mẹ́rin wà nídìí ẹ̀, mo dẹ̀ ti sanwó tán kí n tó fara balẹ̀ ka òǹtẹ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo máa kà á, lẹ́tà mẹ́rin ni: E, P, N, S, ìyẹn electroplated nickel silver. Fàdákà tó wà lára ẹ̀ ò ju èyí tí wọ́n fi bò ó lóde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Tíípọ́ọ̀tù náà ò burú o, mo ṣì ń lò ó, àmọ́ owó fàdákà ni mo san lórí nǹkan tí kì í ṣe fàdákà, ó dùn mí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ ra ṣíbí, tírè, ọ̀pá àbẹ́là tàbí tíípọ́ọ̀tù àtijọ́ tó funfun. Oríṣi mẹ́ta ló máa ń wà níwájú yín, wọ́n jọra bí ìbẹta, àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n yàtọ̀ síra, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n yẹn náà ló máa tú àṣírí wọn.

Ibi tí kálukú ti wá

Fàdákà gidi, èyí tí wọ́n ń pè ní sterling, tinú tòde ẹ̀ ni fàdákà. Tẹ́ ẹ bá pín in sí ọ̀nà 1000, 925 ni fàdákà, bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù, torí fàdákà tí wọn ò pò mọ́ nǹkan kan ti rọ̀ jù, ṣíbí ẹ̀ á máa tẹ̀ ni. Òfin ilẹ̀ England ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 1300, nígbà ọba Edward Kìíní, wọ́n ti ní nǹkan fàdákà ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ orí ẹkùn mọ́ ọn. Lọ́dún 1478 ó di pé káwọn alágbẹ̀dẹ máa gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Goldsmiths' Hall, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní London, fúnra wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "hallmark" ti jáde. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu lẹ́tà ọdún mọ́ ọn, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá rí èyí tí kò pé ojú ìwọ̀n lẹ́yìn ọ̀la, wọ́n á mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kìnnìún tó ń rìn wá dé ní 1544. Nígbà tó tún yá, àwọn èèyàn ń gé etí owó fàdákà kí wọ́n lè yọ́ ọ fi ṣe abọ́, ìjọba bínú, wọ́n gbé ìwọ̀n fàdákà inú abọ́ sókè sí 958 nínú 1000 láti 1697 títí di 1720, kó má bàa bá ti owó dọ́gba mọ́.

Sheffield plate, ìyẹn bàbà tí wọ́n fi iná lẹ fàdákà mọ́, ni tèmi o, mi ò ní purọ́, òun ni mo fẹ́ràn jù. Oníṣẹ́ ọ̀bẹ kan nílùú Sheffield ní England, Thomas Boulsover, ló ṣàwárí ẹ̀ ní nǹkan bí 1743. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọ̀bẹ ló ń tún ṣe, iná mú fàdákà àti bàbà lẹ̀ mọ́ra wọn, ìgbà tó gbìyànjú láti lù ú, ó rí i pé àwọn méjèèjì jọ ń fẹ̀ pọ̀ bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Bọ́tìnnì lòun fi ṣe, àwọn tó tẹ̀ lé e ló fi ṣe ọ̀pá àbẹ́là àti tíípọ́ọ̀tù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á mú bàbà tó nípọn bí bíríkì, wọ́n á ha ojú ẹ̀ títí tí ò fi ní sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀, wọ́n á gbé pẹlẹbẹ fàdákà lé e, wọ́n á fi wáyà dì wọ́n pọ̀, ó di inú iná ìléru. Ẹnì kan á wá máa yọjú wò ó láti ojú ihò. Bí fàdákà yẹn bá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn ní etí báyìí, kíá ni wọ́n á fà á jáde, torí tó bá fi díẹ̀ pẹ́ sí i, á yọ́ ṣàn lọ, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá rọ́ọ̀lù ẹ̀ di pẹlẹbẹ, kí alágbẹ̀dẹ tó gé e, kó tẹ̀ ẹ́, kó jó o pọ̀.

EPNS ò gba làálàá tó yẹn. Àwọn ará ilé Elkington ní Birmingham gba ẹ̀tọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́dún 1840: wọ́n á kọ́kọ́ fi nickel silver ṣe tíípọ́ọ̀tù náà tán pátápátá (silver ló wà nínú orúkọ ẹ̀ o, àmọ́ bàbà, nickel àti síńkì ni, kò sí fàdákà níbẹ̀ rárá), wọ́n á wá rì í sínú omi kẹ́míkà, iná mànàmáná á sì máa gbé fàdákà wá bò ó lára díẹ̀díẹ̀. Ó yá, ó rọrùn, kò náni lówó, kò dẹ̀ pẹ́ tó fi pa iṣẹ́ Sheffield plate run.

Ẹ di èyí mú o: Sheffield plate, fàdákà ti wà lára ẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é ní abọ́. EPNS, wọ́n ti ṣe abọ́ tán kí fàdákà tó dé. Gbogbo àmì tí mo fẹ́ sọ báyìí, ibẹ̀ ló ti jáde.

Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí. Pẹlẹbẹ Sheffield plate, tí wọ́n bá gé e, bàbà á yọjú létí ẹ̀ bí ẹran inú búrẹ́dì, alágbẹ̀dẹ ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ rí i, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń fi wáyà fàdákà yí etí ẹ̀ ká tàbí kó ká fàdákà orí wálẹ̀ bò ó. Ẹ fi èékánná wọ́ abẹ́ etí tírè náà, ẹ máa gbọ́ ọ tí èékánná á kọ́. Fàdákà gidi ò nílò ìyẹn, EPNS náà ò nílò ẹ̀ torí fàdákà ti bo ibi gbogbo pátá. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ náà ńkọ́? Tíípọ́ọ̀tù Sheffield plate, ẹ wo ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń dì í mú, ilà tín-ín-rín kan sábà máa ń wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti EPNS, fàdákà ti bò ó, ẹ ò ní rí i.

Èyí tó máa ń dùn mọ́ mi jù ni ibi tí wọ́n fín orúkọ sí. Tí wọ́n bá fín lẹ́tà sára Sheffield plate lásán, irin ìfín á já dé orí bàbà, á pọ́n. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n á gé àyè kan lára tírè náà, wọ́n á fi fàdákà gidi dí i, wọ́n á rà á mọ́lẹ̀ débi pé ojú lásán ò lè rí ẹnu ẹ̀. Ẹ mí sí i lórí bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ nu díńgí. Bí èémí yẹn ṣe ń gbẹ lọ, ilà roboto tàbí onígun mẹ́rin á yọ yí orúkọ náà ká fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì tún pòórá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo mí sí tírè yẹn bí ìgbà mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ńkọ́? Sheffield plate tó ti gbó, pupa bàbà á máa yọ níbi tó ga jù lára ẹ̀. EPNS tó gbó, àwọ̀ eérú tó fẹ́ jẹ́ yẹ́lò ló máa ń yọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé pupa nìkan, torí wọ́n máa ń fi iná mànàmáná bo bàbà náà. Fàdákà gidi ní tiẹ̀, ẹ ha á títí, àwọ̀ kan náà lẹ máa bá.

Òòfà táwọn èèyàn máa ń kó lọ síbi gbàǹjo yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lẹ̀ mọ́ ọn, irin nìkan ló lè bá yín mú. Ìwúwo náà máa ń tan èèyàn jẹ, pàápàá ọ̀pá àbẹ́là, torí wọ́n máa ń rọ ọ̀dà sínú ìdí ẹ̀ kó má bàa ṣubú. Omi gbígbóná ló dáa jù fún ṣíbí: kò sí irin tó ń gbé ooru rìn tó fàdákà, ẹ ki ẹnu ṣíbí náà bọ̀ ọ́, kíá ni ibi tẹ́ ẹ dì mú á gbóná. Nickel silver á máa fà á ni.

Òǹtẹ̀, ibi tí jìbìtì pọ̀ sí jù

Fàdákà England tó pé, ẹ máa rí kìnnìún tó ń rìn, àmì ìlú, lẹ́tà ọdún àti lẹ́tà orúkọ ẹni tó ṣe é. Tó bá jẹ́ láàárín 1784 sí 1890, orí ọba tàbí ọbabìnrin á wà níbẹ̀ pẹ̀lú, owó orí ni wọ́n fi ń hàn pé wọ́n ti san. Ẹkùn ni London, ìdákọ̀ró ni Birmingham, adé ni Sheffield títí 1974 kó tó di òdòdó rose. Ní Amẹ́ríkà, STERLING ni wọ́n sábà máa ń kọ, Faransé ní orí Minerva, abo òrìṣà àwọn ará Róòmù àtijọ́, láti 1838, Jámánì ní òṣùpá àti adé láti 1888, àmọ́ 800 ló sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni pé fàdákà inú ẹ̀ ò tó ti sterling.

Àwọn tó ń ṣe EPNS mọ̀ pé àwa olùrà ń wá òǹtẹ̀, ni wọ́n bá ń to lẹ́tà wọn sínú àpótí kéékèèké tó jọ ti fàdákà gidi. Ohun tó mú mi nìyẹn. Tẹ́ ò bá rí kìnnìún, ẹ dúró ná. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ rí "Sheffield Plated" tí wọ́n kọ gbangba, EPNS tàbí bàbà tí wọ́n fi iná bò ló sábà máa ń jẹ́, torí ọ̀pọ̀ ojúlówó Sheffield plate ayé àtijọ́ ò ní òǹtẹ̀ kankan lára.

Jìbìtì tó tún burú ju ìyẹn lọ: àwọn kan á gé òǹtẹ̀ lára nǹkan kékeré, wọ́n á jó o mọ́ ìdí abọ́ ńlá. Èémí yẹn náà ló máa bá yín tú u, ẹ mí sí i, ẹ wò ó bóyá ilà yí òǹtẹ̀ náà ká. Ẹ ṣí ọmọrí náà wò, ó yẹ kí òun náà ní òǹtẹ̀ tiẹ̀.

Ẹ má sì rò pé gbogbo fàdákà fẹ́lẹ́ ni ayédèrú. Ẹ wo Hester Bateman, obìnrin alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní London, ọkọ ẹ̀ kú ní 1760, ó gba ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀, ó forúkọ òǹtẹ̀ tiẹ̀ sílẹ̀ ní London ní 1761, fàdákà fẹ́lẹ́ ló dẹ̀ ń lò kó lè bá àwọn oní-Sheffield plate figagbága. Mo ti gbé ṣíbí ẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ó fúyẹ́ bí ewé, àmọ́ irin ìfín tó gbà létí ẹ̀ mú débi pé ojú gígé kọ̀ọ̀kan ṣì ń kọ mànà lójú iná.

Èwo lẹ máa wá rà?

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa lò ó lójoojúmọ́, ẹ ra EPNS, ẹ má jẹ́ kójú tì yín, àwọn tó mọṣẹ́ lè tún un bò tó bá gbó, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ṣùgbọ́n Sheffield plate, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un bò láé! Pupa tó yọ yẹn ni ẹ̀rí ọjọ́ orí ẹ̀, tí wọ́n bá ti bò ó, iyì ẹ̀ ti lọ, ẹ má sì máa fi políìṣì ha á. Ẹni tó bá ń ronú nípa owó tó máa padà wọlé, fàdákà gidi ni, torí tí kò bá tiẹ̀ sẹ́ni tó ka iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí, ìwọ̀n fàdákà inú ẹ̀ ṣì lówó lórí. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni ṣíbí kan tí òǹtẹ̀ ẹ̀ pé, kó yéé lé tírè ńlá.

Ẹ wo ọwọ́ tíípọ́ọ̀tù dáadáa o. Òrùka funfun kékeré tó máa ń wà níbẹ̀ kí ooru má bàa dé ọwọ́, eyín erin ni nígbà míì, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ṣọ̀wọ́n, sì ti de òwò eyín erin láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láti 1990, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní òfin tiẹ̀ ti 2018. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbé e kọjá bọ́dà.

Dúdú tẹ́ ẹ bá rí lára fàdákà, kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló fà á. Iyọ̀ ló ń jẹ ẹ́ ní tòótọ́, rọ́bà tí wọ́n fi ń di ṣíbí pọ̀ náà ò dáa fún un.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́: ìdí ẹ̀ níbi tí òǹtẹ̀ wà, abẹ́ etí ẹ̀, àti inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò iwájú tó ń dán yẹn náà ló tún ń fi ránṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un.