Sáà ẹ̀kọ́ kan ní Dakar: ilé ìdílé ló tó owó

Bí ẹ bá fẹ́ bá ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Dakar, olú ìlú Senegal, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ilé ìdílé kan tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àlejò sílé ni kí ẹ gbé, ẹ má gba họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti kíláàsì kúrò ńlẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, gbọ̀ngàn a máa kún dẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá pẹ́ dé á wà lórí ìdúró. Olùkọ́ á máa sọ, a ó máa kọ. Àwọn olùkọ́ yìí gbówọ́, mi ò lè purọ́, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì jẹ lára àkókò wa, àwọn tó gbà wá sí ètò náà ò sì sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ yín fọwọ́ sí àwọn kọ́ọ̀sì tí ẹ máa ṣe, àti àwọn mìíràn tí ẹ lè fi rọ́pò wọn.

Ilé ni ẹ̀kọ́ gan-an wà. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo ilé á yí àwo ńlá kan ká: ceebu jën, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja, kárọ́ọ̀tì, gbágùúdá àti kábéèjì sè. Iwájú ẹni lèèyàn ti ń jẹ. Màmá ilé ló ń já ẹja sí iwájú oníkálukú, bí ẹ bá sì tètè ṣíwọ́, á ní ẹ ò tíì jẹun. Lẹ́yìn náà ni ataaya, tíì tí wọ́n ń sè lórí ẹ̀yinná tí wọ́n sì ń bù lẹ́ẹ̀mẹta: ti àkọ́kọ́ korò, ti ìkẹta dùn. Kò sẹ́ni tó ń kánjú nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Wolof, èdè tí àwọn ará ìlú ń sọ láàárín ara wọn, ti wọ̀ mí létí. Faransé ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ àti ní ọjà aṣọ HLM, ẹ kí ènìyàn ní Wolof ná, kí ẹ tó béèrè iye ọjà. (Ìkíni wọn gùn, wọ́n á béèrè ará ilé, wọ́n á béèrè iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ò ní í rí i bí ìyọnu.)

Ní ti ìwé, ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà, àmọ́ 90 ọjọ́ ni àǹfààní yẹn mọ. Sáà ẹ̀kọ́ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé ìgbélùú. Owó CFA tí wọ́n ń ná níbẹ̀ so mọ́ yúrò, 655.957 fún yúrò kan, kì í ṣàdédé já wálẹ̀; iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín láti ilé ni kí ẹ ṣọ́.

Ọkọ̀ car rapide aláwọ̀ mèremère dára fún fọ́tò. Bọ́ọ̀sì BRT oníná mànàmáná tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024 ni kí ẹ wọ̀ bí ẹ bá ní ìdánwò. Ọkọ̀ ojú omi ń dé erékùṣù Gorée ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú; àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù, kí èrò tó dé. Ẹ wá àyè fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée des Civilisations noires tí wọ́n ṣí ní 2018. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ òkun máa ń tutù lálẹ́, ẹ mú súẹ́tà dání.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye tó ń dé ọwọ́ ìdílé tó máa gbà yín sílé nínú owó ilé tí wọ́n ń gbà. Èyí tí wọ́n dá lé wa pọ̀ ju èyí tó dé ọwọ́ màmá lọ.