Àárín Lọ́ńdọ̀nù àbí ẹ̀yìn odi: ibo ló yẹ kẹ́ ẹ gba yàrá sí?

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo mú ìyá mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìtòsí pápákọ̀ òfurufú Heathrow ni mo gba yàrá sí. Yàrá náà fẹ̀, ó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ ò sì ga. Ọjọ́ kejì, a jáde láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, Màmá ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ní Trafalgar Square, wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń fọwọ́ ra ọrùn ẹsẹ̀ tó ti wú. Wọ́n ní, "Ṣé a ò lè lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ká tún padà wá ni?" Mo ṣírò ọ̀nà lọ́kàn mi: wákàtí kan ó lé ká tó dé yàrá, òmíràn ká tó padà. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n ṣe sùúrù lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ ni ọjọ́ yẹn ti parí fún wọn. Gbogbo ibi tá a tún dé, àga ni wọ́n ń fojú wá.

Ìgbà kejì, Bloomsbury láàárín ìlú ni mo gbà á sí. Yàrá náà há débi pé bá a bá ṣí àpótí kan, a gbọ́dọ̀ pa èkejì dé. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán, Màmá á lọ sùn, wọ́n á jí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á mu tíì, a ó tún jáde nírọ̀lẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtisanwó yàrá, torí kì í hàn lára iye tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán hòtẹ́ẹ̀lì.

Ibo là ń pè ní àárín?

Wọ́n pín Lọ́ńdọ̀nù sí Zone nítorí owó ọkọ̀. Zone 1 ló wà láàárín gbùngbùn, àwọn yòókù sì yí i ká bí òrùka. Westminster, Covent Garden, Bloomsbury, King's Cross, Paddington, Victoria àti Bankside létí odò, Zone 1 ni gbogbo wọn. Peckham wà ní Zone 2, Woolwich ní Zone 4, East Croydon ní Zone 5, Heathrow ní Zone 6. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o. Hòtẹ́ẹ̀lì lè kọ London mọ́ orúkọ ara rẹ̀, kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú Stansted tàbí Luton ló wà, níbi tí kò sí nínú Zone kankan. Ọkọ̀ ojú irin tó yá jù láti Stansted sí Liverpool Street, ibùdókọ̀ kan láàárín Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá máa ń lò tó ìṣẹ́jú 50.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà

Ká ní tọkọtaya ni yín. Ká ní yàrá tẹ́ ẹ rí ní Zone 6 jẹ́ £75 lálẹ́ kan, èyí tẹ́ ẹ rí ní Zone 1 sì jẹ́ £120. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ £45, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa kọ̀ǹpútà dé. Ẹ dúró ná.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, káàdì lẹ máa ń fi kan ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, oníkálukú pẹ̀lú káàdì tirẹ̀. Bí owó ọkọ̀ yín bá ti dé iye kan lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà ò ní yọ kọ́bọ̀ mọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, iye náà jẹ́ £8.90 fún ẹni tó ń rìn láàárín Zone 1 àti 2, ó sì jẹ́ £16.30 fún ẹni tó ń ti Zone 6 wọ àárín ìlú. Bọ́ọ̀sì tiẹ̀ dín sí i: £1.75 ni lọ́dún 2025, ẹ sì lè ti inú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn láàárín wákàtí kan láìtún san nǹkan kan. Lọ́dún yẹn náà, ẹni tó bá fi bọ́ọ̀sì nìkan rìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ò ní san ju £5.25 lọ. (Bọ́ọ̀sì ò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọdún 2014, ẹ má kàn kó owó wẹ́wẹ́ sápò.)

Ká fi iye ọdún 2025 yẹn ṣírò: ẹ̀yin méjì láti Zone 6, £32.60 lójúmọ́. Ẹ̀yin méjì láàárín ìlú, tẹ́ ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́ ẹ sì ń wọ bọ́ọ̀sì, ó pọ̀ jù kó jẹ́ £10.50. £22.10 ti padà sápò nìyẹn. Mi ò ní parọ́ fún yín, àárín ṣì fi £22.90 wọ́n ju ẹ̀yìn odi lọ lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé gbígbé àárín ìlú máa ń dín gbogbo ìnáwó kù kò tíì jókòó ṣírò ẹ̀.

Kí wá ni £22.90 yẹn rà? Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly láti Heathrow sí Russell Square máa ń lò tó wákàtí kan. Ọkọ̀ Elizabeth line tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022 yá jù ú lọ, ó lè gbé yín dé Tottenham Court Road ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìtòsí Heathrow ló jẹ́ pé ẹ máa kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ ro àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ẹ fi dídúró àti gígun àtẹ̀gùn kún un, wákàtí méjì ti lọ lójúmọ́. Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́rin ti lo wákàtí mẹ́jọ nínú ọkọ̀. Èmi á san owó yẹn.

Ohun tí ẹsẹ̀ lè dé

Láti Russell Square, ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni British Museum, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé. Ibẹ̀ ni orí idẹ Ifẹ̀ kan wà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Bí à bá wá láti ẹ̀yìn odi ni, ìgbà kan la ó wọ ibẹ̀, a ó máa sáré wo gbogbo nǹkan, torí ọ̀nà tá a rìn ò ní jẹ́ ká fẹ́ fi ohunkóhun sílẹ̀. Nítorí pé a sún mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà kẹta, Màmá ò wo nǹkan mìíràn. Iwájú orí náà ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń fi ìka tọ àwọn ilà tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n lójú afẹ́fẹ́, láìfọwọ́ kan gíláàsì. Wọ́n ní, "Wò ó, wọ́n fà á yí gbogbo ojú ká, wọ́n fo ètè." Mo ti kọjá níwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i.

Àwọn ibi tó ń pe àlejò ní Lọ́ńdọ̀nù sún mọ́ra ju bí àwòrán ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń fi hàn lọ. Láti Leicester Square sí Covent Garden kò ju nǹkan bí mítà 260 lọ, síbẹ̀ ojoojúmọ́ làwọn àlejò ń sanwó ọkọ̀ nítorí ẹ̀. Ilé aṣojú Nàìjíríà wà ní Northumberland Avenue, ẹ̀gbẹ́ Trafalgar Square níbẹ̀. Harley Street, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń wá rí dókítà, Zone 1 ló wà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù léèsì àti àǹkárá ní Wentworth Street náà, ẹ̀yìn Liverpool Street ni. Ẹni tó ń bọ̀ láti Manchester tàbí láti Èkó wá ṣe irú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò níṣẹ́ kankan ní Zone 6.

Ti alẹ́ ò gba àlàyé púpọ̀. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ máa ń kógbá sílé ní nǹkan bí aago méjìlá òru, alẹ́ ọjọ́ Àìkú tún máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé nìkan ni márùn-ún nínú àwọn ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá ti wà láàárín ìlú, kò kàn yín.

Peckham ńkọ́?

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Peckham ni kí n kúkú gbé, tí mo ti lè rí àmàlà jẹ." Mo mọ adùn Rye Lane, òpópónà ọjà tó wà ní Peckham, dáadáa: gàrí, èlùbọ́, ata rodo, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì 63 máa ń ti King's Cross lọ tààrà sí Peckham. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ jẹun, ẹ wọ̀ ọ́ padà. Àárín ni gbogbo ọ̀nà ti pàdé. Láti Peckham sí àwọn ẹ̀yìn odi yòókù, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa gba àárín kọjá náà ni.

Ti ilé ẹ̀gbọ́n ló le jù. Àǹtí mi kan ń gbé Thamesmead. Ibùdókọ̀ ojú irin kò sí nínú Thamesmead, Abbey Wood ni wọ́n ti máa ń wọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni ibùsùn wọn, ọbẹ̀ wọn dùn, àmọ́ aago márùn-ún ìdájí ni Àǹtí ń jí lọ síbi iṣẹ́, àwa náà á sì máa rọra gbẹ́sẹ̀ nínú ilé onílé. Mo pè wọ́n, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká wà láàárín ìlú ká fi rìn. Ọjọ́ Ẹtì títí di Ajé, ọ̀dọ̀ yín la wà." Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ó da. Ẹ ò kúkú ní bá mi nílé tẹ́lẹ̀." Ohun tí mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú láti ṣe nìyẹn: ẹ pín in.

Ibi tí àárín ti kù díẹ̀ káàtó

Yàrá á há, kò sí àní-àní. Ní Bloomsbury, Paddington àti Bayswater, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tí owó wọn mọ níwọ̀n jẹ́ ilé àtijọ́ tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn ò ní lífítì. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó: àjà kelòó ni yàrá wà? Ṣé kì í ṣe yàrá abẹ́ ilẹ̀? Ṣé ó ní fèrèsé? Ibùdókọ̀ náà ńkọ́? Covent Garden ní àtẹ̀gùn 193, tí lífítì bá ti kún. Nítorí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, King's Cross ni mo fẹ́ràn jù, torí lífítì wà níbẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ mẹ́fà ló sì gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ ìgbà ooru wọn (summer) lẹ ń bọ̀, ẹ wo àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ bíi ti yunifásítì LSE pẹ̀lú. Wọ́n máa ń fi yàrá wọn gba àlejò lásìkò ìsinmi.

Ẹ̀yìn odi ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí bàálù rẹ̀ máa gbéra láago mẹ́fà àárọ̀, kó sùn sí Heathrow lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹni tó wá fún ìnáwó ní Dagenham, kó gbé ìtòsí ibẹ̀. Àti pé tí owó Zone 1 bá kọjá agbára, ẹ má tìtorí ẹ̀ sá lọ sí Zone 6. Láti Stratford, ọkọ̀ ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá dé Liverpool Street. Láti Woolwich, Elizabeth line máa ń lò tó ìṣẹ́jú 15 péré.

Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó, ẹ ṣí Google Maps. Ẹ kọ Trafalgar Square síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì síbi tẹ́ ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ wá yan aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró láti tún ojú irin ṣe. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tó bá gbé wá, ẹ wo iye ìgbà tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì rántí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ mú dání.