Ẹ̀rọ tí mo rà lọ́wọ́ báǹkì tí kì í gba èlé ní Ìlọrin

Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ránṣọ ní àdúgbò Ọjà Ọba ní Ìlọrin, agbádá àti fìlà ni mo sì ń rán jù. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iṣẹ́ ọnà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń ṣe sára aṣọ, mo rí i pé n kò lè máa gbé aṣọ lọ fún ẹlòmíràn títí. ₦2,400,000 ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà, àjọ tí mo ń dá kò sì tó ìdajì rẹ̀. Owó sọ-ogún-dogójì kò sí lára ohun tí mo lè gbà, ribà ni, èlé tí ẹ̀sìn Ìsìlámù kà léèwọ̀. Báyìí ni mo ṣe gba ẹ̀ka báǹkì kan tí kì í gba èlé lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe fún mi ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Múràbáhà ni wọ́n ń pe irú òwò tí a jọ ṣe. Báǹkì kì í ka owó sí ènìyàn lọ́wọ́. Ọjà náà ni yóò rà, tí yóò di tirẹ̀, kó tó wá tà á fún oníbàárà, yóò sì sọ iye tó rà á àti èrè tó gbé lé e. Èrè tí wọ́n gbé lé ẹ̀rọ tèmi jẹ́ ₦480,000, àpapọ̀ rẹ̀ sì di ₦2,880,000, tí mo ń san ní ₦160,000 lóṣù fún oṣù 18. Iye yìí kò yí padà rárá. Nígbà tí ọjà kú lẹ́yìn Iléyá tí mo sì pẹ́ san owó oṣù kan, wọ́n gba owó ìtanràn, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn mí nínú ìwé pé ìtọrẹ àánú ni wọ́n fi ṣe, kò wọ inú èrè wọn.

Kì í ṣe pé owó wọn kéré o. Mo ṣírò rẹ̀ bí gbèsè tó ń dínkù lóṣooṣù, ó sì súnmọ́ èlé 2% lóṣù. Ẹni tó ń wá owó pọ́ọ́kú nìkan lè má rí i níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ òpin gbèsè rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo lè júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún.

Ohun tó dùn mí ni pé òṣìṣẹ́ kan gbé ìwé àdéhùn ìtajà wá fún mi láti fọwọ́ sí nígbà tí báǹkì kò tíì ra ẹ̀rọ náà. Ọ̀ràn ńlá nìyí, nítorí pé bí báǹkì bá ta ohun tí kò tíì ní, owó ni wọ́n fi ra owó, orúkọ nìkan ni a sì pààrọ̀. Mo kọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dúró kí wọ́n tó fi rìsíìtì hàn mí, mo sì gbà pé ìdúró náà tọ́.

Ní ti owó-orí, iṣẹ́ wọn kò kún ojú òṣùwọ̀n. Àwọn kan nínú àwa oníṣẹ́-ọwọ́ rò pé ẹni tó bá ti yọ sàká, ìtọrẹ ọ̀ranyàn àwa Mùsùlùmí, ti bọ́ lọ́wọ́ owó-orí. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọrọ̀ tó pé ìwọ̀n tó sì pé ọdún ni a ń yọ sàká 2.5% lórí rẹ̀, èrè ọdún sì ni ìjọba ń wò. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìwé owó-orí tèmi fún KW-IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó-orí ní Ìpínlẹ̀ Kwara, mo béèrè lọ́wọ́ báǹkì ibi tí màá kọ ₦480,000 náà sí. Òṣìṣẹ́ wọn tó ń mójú tó mi ní n kò lè yọ ọ́ kúrò nínú èrè mi bí a ti ń yọ èlé, torí pé kì í ṣe èlé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní yunifásítì ló là mí lójú pé láti 2013 ni iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde, pé kí a fi ojú tí a fi ń wo èlé wo irú èrè bẹ́ẹ̀ ní ti owó-orí, kí ẹni tó sá fún ribà má baà san ju ẹni tó gbà á lọ. Ìwé tó ya iye ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára èrè ni mo wá béèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí n tó rí i gbà.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n béèrè àkọsílẹ̀ ọjà ọdún kan lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí ènìyàn san owó-orí lé lórí lọ́dún. Iléeṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ọjà tó tà lọ́dún kò kọjá ₦100 mílíọ̀nù, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, ni òfin náà kà sí kékeré tí kò ní san owó-orí iléeṣẹ́. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, kí ni yóò fi jẹ́rìí ara rẹ̀?

Oṣù mẹ́rin ló kù kí n san án tán. Mo ti kọ̀wé sí wọn fún ẹ̀rọ kejì, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé rìsíìtì ni màá kọ́kọ́ rí kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, àti pé ìwé tó ya èrè sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ bá àdéhùn náà wá.